Góònù Tí Mo Rán fún Dára

Sátidé, 1 Oṣù Kejìlá, 2007

Iṣẹ́ ọdún ti dé. Aṣọ ogún ó lé ló wà nílẹ̀, n ò tíì gé ju mẹ́ta lọ. Ọyẹ́ ti ń fẹ́ láàárọ̀, ètè mi ti ń ya. NẸ́PÀ mú iná lọ láti àná, àwọn èrò tó ń lọ síbi ìsìn ní Káǹpù sì ti dí títì pa, ẹni tí mo rán lọ ra sípù ní Ìbafò kò tíì dé.

Ó ti lé ní oṣù kan tí mo kó dé Mowé, kò sì sẹ́ni tó mọ orúkọ mi níbí. Màmá Dára ni wọ́n ń pè mí. Kẹ́ẹ̀gì ló fà á. Àlòkù ni mo rà á, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti fi ọ̀dà pupa kọ DÁRA sí i lára gàdàgbà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ síbi omi Ìyá Ṣàràfá, onílé wa, ó wo kẹ́ẹ̀gì, ó wò mí, ó ní, "Màmá Dára, ẹ tò sẹ́yìn àwọn wọ̀nyẹn." Mo tò. Mo rò pé ibẹ̀ ló máa parí sí. Kí n tó gbé omi délé, ọmọdé mẹ́ta ti kúnlẹ̀ kí Màmá Dára lójú ọ̀nà.

N ò já wọn nírọ́. Ta ló fẹ́ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi máa ṣàlàyé pé òun ò bímọ? Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni mí. Nílé ọkọ mi, Ògúnbọ̀dé, ní Èkó, Ìyàwó ni wọ́n ń pè mí, títí ìyàwó kejì fi dé, tó bímọ, tó di ìyá ẹnì kan. Láti ìgbà yẹn, "ẹni yẹn" ni wọ́n ń pè mí. "Ẹ bi ẹni yẹn bóyá ó ti jẹun." Ọdún méjì ni mo fi jẹ́ Ẹni Yẹn kí n tó kó ẹ̀rọ ìránṣọ mi jáde. Màmá Dára dùn létí jù ú lọ.

Ọjọ́rú, 5

Màmá Layọ̀mi tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi kó aṣọ wá. Tòun, tọkọ rẹ̀, tọmọ rẹ̀. Jésùlayọ̀mi lorúkọ ọmọ náà gan-an, ọmọ ọdún mẹ́fà. Àwọn ọ̀lẹ tí kò lè pè é tán máa ń pe ìyá rẹ̀ ní Ìyá Jésù, títí pásítọ̀ fi kìlọ̀ lórí pẹpẹ pé ìyẹn ti ní ẹni tó ń jẹ́ ẹ.

Obìnrin yìí lè sọ̀rọ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń da èèpo rẹ̀ sílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Ó ní, "Màmá Dára, Dára wá ńkọ́? A ò tíì fojú kàn án."

Mo ní ó wà ní Ifọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi.

"Ifọ̀? Ifọ̀ ni wọ́n ti bí mi o. Bàbá mi ṣì wà níbẹ̀. Apá ibo ní Ifọ̀?"

Abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu mi. Mo ń kùn, mo ń juwọ́, bí ẹni tí abẹ́rẹ́ ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo máa fi yọ ọ́, ó ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ rélùwéè tó ń kọjá lẹ́yìnkùlé bàbá rẹ̀, bó ṣe máa ń mi ìkòkò lórí iná.

N ò ní ẹ̀gbọ́n kankan ní Ifọ̀. N ò mọ ohun tó gbé Ifọ̀ sí mi lẹ́nu.

Sọ́ńdè, 9

Mo bá wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó pẹ́ kí a tó jáde. Lẹ́nu ọ̀nà, Màmá Layọ̀mi ní, "Dára á wá ṣọdún lọ́dọ̀ yín, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ kejì nìyẹn, tàbí ìkẹta.

Túsìdeè, 11

Iná ò sí. Mo ba aṣọ ìyàwó fúlọ́kánáísà jẹ́, ọrùn rẹ̀ jìn jù. Mo fi léèsì dí i. Ó wọ̀ ọ́ wò, ó ní irú sítáì tí òun ti ń wá gan-an nìyẹn. Mo gba owó mi.

Jímọ̀, 14

Mo ti rán ti ìdílé Layọ̀mi tán. Ìyá rẹ̀ wá kó o, ó wọ tirẹ̀, ó yí po níwájú dígí, ó dùn mọ́ ọn. Nígbà tí mo fẹ́ kó àgékù aṣọ fún un, ó tì í padà sí mi. Aláwọ̀ ewé ni, olódòdó funfun wẹ́wẹ́, ó sì pọ̀ díẹ̀.

Ó ní, "Ẹ má dá a padà. Ẹ fi rán góònù fún Dára. Kí òun àti Layọ̀mi jọ wọ irú kan náà lọ́jọ́ Kérésì. Layọ̀mi ti sọ fún gbogbo àdúgbò."

Mo ní kó má ṣe wàhálà.

"Wàhálà kẹ̀? Ọmọ ọdún mélòó ni?"

Mo ní méje.

Mo mọ ibi tí méje ti wá. Oyún kan ṣoṣo tí mo ní rí, ká ní ó dúró, méje ni ì bá jẹ́ báyìí. N kì í ronú rẹ̀. Ó kàn jáde lẹ́nu mi bí owó ìránṣọ tó ti mọ́ èèyàn lára.

Lẹ́yìn tó lọ, mo tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì. Iṣẹ́ mi ni láti wọn èèyàn. Bí oníbàárà bá ṣe ń wọlé ni mo ti ń mọ bí èjìká rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n lónìí mo mú tépù dání, mo dúró, kò sí nǹkan tí n óò wọ̀n. Mo kọ́kọ́ fi ìnṣì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sí gígùn rẹ̀. Mo wá wo ara mi nínú dígí. Mo ga, bàbá mi náà ga, ọmọ tèmi ò níí kúrú. Mo sọ ọ́ di méjìdínlọ́gbọ̀n. Mo sì fi àlékún sílẹ̀ ní ìṣẹ́tí rẹ̀, nítorí ọmọ ń dàgbà.

Sọ́ńdè, 16

Mo ti rán góònù náà tán, mo fi kọ́ ara ògiri. Ti àwọn tó sanwó ṣì wà nílẹ̀.

Jímọ̀, 21

Ọdún Iléyá ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ìyá Ṣàràfá gbé ẹran wá fúnra rẹ̀, nínú ọ̀rá méjì. Ó ní, "Èyí tiyín, èyí ti Dára. Itan ni mo gé fún un. Ẹ bá mi yan án gbẹ, kó lè bá a." Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, fún èmi àti fún Dára.

Mo jẹ tèmi lọ́sàn-án. Ní ìrọ̀lẹ́, mo jẹ ti Dára. Ó dùn ju tèmi lọ. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo jẹ ẹ́ tán.

Sátidé, 22

Mo ti ro ohun tí n óò sọ. Ibà ń ṣe Dára, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má gbé e rìn nínú ọyẹ́. Mo lọ dán an wò lójú Màmá Layọ̀mi. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Pẹ̀lẹ́ o. Kò burú. Lọ́jọ́ kejì Kérésì mo ń lọ kí bàbá mi. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ, ká lọ wò ó, kí Layọ̀mi mú súwíìtì dání fún un."

Mo ní ara rẹ̀ lè tètè yá.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ó bá a. Tèmi ò tíì lo oṣù méjì. Bí wọ́n bá mọ̀, n óò tún di Ẹni Yẹn níbí náà. N ò mọ ibi tí mo tún fẹ́ kó ẹ̀rọ lọ lẹ́yìn Mowé. Níbí, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn mi. Wọ́n ń bèèrè pé ṣé mo jí dáadáa. Èyí ni n ò fẹ́ pàdánù, kì í ṣe nǹkan mìíràn.

Mọ́ńdè, 24

Eruku bo gbogbo nǹkan. Jẹnẹrétọ̀ ń ké láti àárọ̀. Aṣọ mẹ́rin ló ṣẹ́kù, àwọn tó ni wọ́n sì ń yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣọ́ olè.

Ọ̀sán ni ọkùnrin kan wọlé tí n ò rí rí. Láti Ìbafò ló ti ń bọ̀, ó ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tó wà lójú ọ̀nà lòun ti yà. Ọlágòkè lòun ń jẹ́. Aránṣọ tó gba aṣọ ọmọ rẹ̀ ti gba ìlú rẹ̀ lọ fún ọdún, ó ti pa fóònù, aṣọ náà wà nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n tì pa. Ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo sá lọ.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Ìyá ọmọ yìí kú ní oṣù kẹfà. Gbogbo nǹkan tí mo ṣèlérí fún ọmọ náà láti ìgbà yẹn ni mo ti yẹ̀. Mo ní ti aṣọ Kérésì yìí ò níí yẹ̀."

Mo ní mo kẹ́dùn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti wọ̀ mí lọ́rùn, n ò lè gé tuntun.

Ojú rẹ̀ bọ́ sára ògiri. "Èyí ńkọ́?"

"Ó ní ẹni tó ni ín. Ti Dára ni."

"Ọmọ yín? Ọmọ ọdún mélòó?"

"Méje."

"Méje náà ni tèmi. Tìmílẹ́hìn."

Kò bẹ̀ mí mọ́. Ó jókòó sórí àpótí. Mo ń tẹ ẹ̀rọ lọ. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ó máa bá mi ṣa òwú tó bá já bọ́ sílẹ̀. Ó pẹ́ tí a wà bẹ́ẹ̀, mo sì kíyè sí i pé kò ni mí lára rárá. Ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnì kan ti jókòó tì mí láìbèèrè nǹkan.

Mo dìde, mo sọ góònù náà kalẹ̀. Mo ní, "Ó ga?" Ó fọwọ́ kan igẹ̀ ara rẹ̀, ó ní ó dé ibí. Mo tú ìṣẹ́tí, mo tú àlékún rẹ̀ sílẹ̀, mo tún un kan, mo lọ̀ ọ́. Ó fẹ́ sanwó, mo ní ọdún ni.

Ó ní, "Kí wá ni Dára máa wọ̀?"

Mo ní ó ní òmíràn.

Ó bèèrè ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ń lọ. Mo sọ fún un. Ìgbà tó lọ tán ni mo tó béèrè lọ́wọ́ ara mi pé kí ló fẹ́ fi ṣe.

Túsìdeè, 25

Ohun tó fẹ́ fi ṣe ni pé ó wá dúpẹ́. Wọn ò tọ́ ọ dàgbà láti gba oore kó má padà wá dúpẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun àti ẹni tí wọ́n ṣe é fún. Ẹ̀kọ́ ilé ló tú mi fó.

Ìsìn ti parí. Gbogbo wa wà níta, lábẹ́ àtíbàbà, a ń kí ara wa kú ọdún. Layọ̀mi ló kọ́kọ́ rí i. Ó rí aṣọ tirẹ̀ lára ọmọ mìíràn, aláwọ̀ ewé, olódòdó funfun, ó sì sáré, ó ń pariwo pé Dára dé, Dára dé. Kí n tó gbẹ́sẹ̀, ìyá rẹ̀ ti débẹ̀. Ó ti gbé Tìmílẹ́hìn sókè, ọmọ tó gùn tó yẹn.

"Dára, ìwọ lo dé yìí? Ara ẹ ti yá? Ẹ wò ó, ojú ìyá ẹ̀ gan-an ló gbé wáyé yìí."

Àwọn obìnrin tó dúró tì í wo ojú ọmọ, wọ́n wo tèmi, wọ́n ní lóòótọ́, a jọra.

Ọmọ náà ní ẹ̀kọ́. Ó dúró kí wọ́n sọ òun kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Tìmílẹ́hìn lorúkọ mi."

Màmá Layọ̀mi yíjú sí Ọlágòkè. "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ̀yin ni Dádì Dára?"

Ó ní, "Rárá mà. Dára ló fún wa láṣọ. A wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Níbo ló wà?"

Gbogbo wọn wá kọjú sí mi. Ibà ti wà lẹ́nu mi, kí n kàn sọ ọ́ ló kù. Ṣùgbọ́n Tìmílẹ́hìn ń wo ẹ̀yìn mi, ó ń wá ọmọ tó fún un láṣọ. Ó ti fi bébà aláwọ̀ wé bísíkí méjì fún un, ó dì í mú.

Mo ní, "Kò sí Dára. N ò bímọ rí. Orúkọ ara kẹ́ẹ̀gì ni."

Màmá Layọ̀mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rò pé mo ń ṣàwàdà. Lẹ́yìn náà ó wo góònù, ó wò mí, ó fa Layọ̀mi lọ́wọ́, ó lọ.

Ọjọ́rú, 26

Ó lọ sí Ifọ̀ láàárọ̀. Kò kan ilẹ̀kùn mi.

Ọjọ́bọ̀, 27

Omi tán nílé, mo níláti lọ. Ìyá Ṣàràfá jókòó síbi tó máa ń jókòó sí. Ó ní, "Ta ló jẹ ẹran tí mo gé fún Dára?"

Mo ní, "Èmi ni mà."

Ó ní, "Ẹran ò ká mi lára. O ti jẹ ẹ́, ó ti lọ. Aṣọ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Èèyàn kì í dá aṣọ fún ẹni tí kò sí láyé. Ẹlẹ́gbẹ́ ọ̀run ló ń ṣe bẹ́ẹ̀." Láti ọjọ́ tí mo dé, "ẹ" ló máa ń bá mi sọ. Òní ló kọ́kọ́ pè mí ní "o".

Ó gbà kí n pọn omi. Ṣùgbọ́n obìnrin kan tó dúró lórí ìlà fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra nígbà tí mo ń kọjá, ó sì fi ọwọ́ bo orí rẹ̀. Aṣọ tí ọmọ náà wọ̀, èmi ni mo rán an.

Ó dùn mí. N ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà mìíràn. Ó dùn mí gan-an.

Sátidé, 29

Obìnrin méjì wá láti ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní àsọtẹ́lẹ̀ ni kẹ́ẹ̀gì yẹn, pé kí n má gba òótọ́ gbọ́ ju ìgbàgbọ́ lọ, pé Dára ń bọ̀ kí ọdún tó ń wọlé tó jáde. Wọ́n ní kí n ṣe àmín. Mo fún wọn ní omi mu. Wọ́n tún ní kí n ṣe àmín. Mo ní mo gbọ́.

Sọ́ńdè, 30

N ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọlágòkè wá ní ọ̀sán pẹ̀lú ìrẹsì Ọ̀fàdà nínú ọ̀rá. Kò wọlé. Ó ní, "Ẹ má bínú. Èmi ni mo kó bá yín."

Mo ní ẹnu mi ló kó bá mi.

Ó ní òun ò mọ orúkọ tí òun máa fi sọ fún Tìmílẹ́hìn pé òun lọ kí. Mo ní Monísọ́lá. Ó pè é, kò gé e kúrú, ó sì lọ. Ó jọ mí lójú láti gbọ́ ọ. Màmá mi ló máa ń pè é tán bẹ́ẹ̀, ó ti ṣaláìsí láti ìgbà pípẹ́.

Túsìdeè, 1 Oṣù Kìn-ín-ní, 2008

Mo se ìrẹsì náà. Mo jẹ ẹ́. Kò sẹ́ni tó wá.

Ọjọ́rú, 2

Mo bi onílé kan ní Magboro léèrè iye tó ń gba yàrá àti ṣọ́ọ̀bù. Ó wọ́n. Ó ní kí n tètè wá sanwó, pé àwọn èèyàn ń sá kúrò ní Èkó lójoojúmọ́. Mo ní n óò fún un lésì ní Jímọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 3

Wọ́n kan ilẹ̀kùn láàárọ̀. Màmá Layọ̀mi ni, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú báàgì ilé ìwé. Kò kí mi. Ojú rẹ̀ ti wú.

Ó ní, "Wọ́n pè mí láti Ifọ̀. Bàbá mi ti kú."

Mo ní, "Háà. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ kú àjálù." Mo fẹ́ dì í mú, n ò mọ̀ bóyá ó máa gbà.

Ó ní, "Ọkọ mi ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ níbẹ̀ tààrà. N ò fẹ́ kí ọmọ yìí rí òkú. Ìyá Ṣàràfá ní kí n fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun, mo ní ó ti níbi tó ń lọ."

Ó ń wo ilẹ̀.

"Ẹ parọ́ fún mi. Mo ṣì ń bínú sí yín, kí ẹ má rò pé n ò bínú. Mo jókòó síbí, mo sọ ti ilé bàbá mi fún yín pátá, ẹ̀yin ò sọ òótọ́ kan ṣoṣo fún mi." Ó fi etí ìró nu ojú. "Nígbà tí wọ́n pè mí láàárọ̀ yìí, tí mo jókòó sílẹ̀, ilẹ̀kùn yín ni mo ń wò. Kò sí ilẹ̀kùn mìíràn tó sọ sí mi lọ́kàn."

Mo ní, "Ẹ máa lọ. Ẹ má kánjú bọ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún kọ́là ọmọ náà ṣe. Ó ní, "Kò lè jẹ ata. Ẹ má jẹ́ kó tàn yín." Ó sì tì í síwájú. "Ó yá, lọ jókòó ti màmá ẹ. Má da òwú wọn rú o."

Bí gbogbo èèyàn ṣe ń sọ ọ́ fún ọmọdé ni, àgbà obìnrin èyíkéyìí ni màmá. Kò ní ohun mìíràn lọ́kàn, ó ti kọjú sí ọ̀nà kí ó tó parí rẹ̀. Èmi ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ojú mi ń ṣomi.

Ọmọ náà da òwú rú. Ó jẹ ìrẹsì láìsí ata. Ó bèèrè ìdí tí ẹ̀rọ fi ní ẹsẹ̀ tí kò sì lè rìn. Nígbà tó yá, ó gun orí tábìlì, ó sùn lọ fọnfọn lórí léèsì tí mo ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí, tí mo fẹ́ gé.

Ìrọ̀lẹ́ ni ẹni tó ni léèsì dé, ó ní òun fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ síbi ìkómọ ní Sátidé. Mo ní kó rẹ ohùn sílẹ̀. Mo ní kó padà wá lọ́la.

Ó ní, "Ọ̀la òótọ́ àbí ọ̀la aránṣọ?"

Mo ní ọ̀la òótọ́ ni, ọmọ ló sùn lé e lórí.